Mọ́tò Oníná Àfọwọ́ṣe: Ṣíṣe É àti Wíwádìí Ìdí tí Kì í Fi í Yí

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́tò oníná kékeré kan, kí a sì fi èdè kan náà ṣàlàyé bí yóò ṣe wádìí ìdí ọ̀ràn nígbà tí mọ́tò náà bá kọ̀ tí kò yí. Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó pa ẹ̀ka Yorùbá pọ̀ mọ́ wáyà àti bátìrì. Ìdáhùn wa ni pé nínú kíkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ibi tí iṣẹ́ èdè ti pọ̀ jù ni ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wo àwòrán inú ìwé kí ó sì to gbogbo nǹkan bí àwòrán ti wí láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó tò kò bá ṣiṣẹ́, àfi kí ó ronú báyìí: "Bí ó bá jẹ́ pé iná kò dé ibẹ̀ ni, gílóòbù yìí kò ní tàn. Gílóòbù tàn. A jẹ́ pé ibòmíràn ni àléébù wà." Èdè tí ó yé ọmọ yékéyéké ni ó fi lè ronú bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó há sórí kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Àlíù Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀ láti ìpele àwọn ọmọdé pátápátá. A kò ní fi iṣẹ́ yìí ja ìjà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ kí a fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ni pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó o. Ẹ̀sùn gbogboogbò nìyẹn, a kì í sì í fi ìdáhùn gbogboogbò tú irú rẹ̀ ká. Ohun kan ṣoṣo ni a ó mú, a ó sì wò ó dé òpin.

Ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí ẹnìkan bá pe "mọ́tò" ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ ni a ó kọ́kọ́ rò pé ó ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń wé kọ́ìlì fáànù àti ti ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga ń pe èyí tí iná ń yí ní mọ́tò láìsí ìdàrúdàpọ̀ kankan, nítorí pé wọ́n máa ń dá ohun tí ó ń bá ṣiṣẹ́ mọ́ ọn: mọ́tò fáànù, mọ́tò pọ́ǹpù. Wọn ni a ó tẹ̀lé. Mọ́tò oníná ni a ó máa pè é, a ó sì máa pè é ní mọ́tò lásán níbi tí kò bá ti lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, bóyá "ayíbírí" tàbí irú rẹ̀. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbé dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò rẹ̀ kí onítọ̀hún sì mọ ohun tí ó ń sọ kò tíì di ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ní ti àwọn yòókù, ara wa ni wọ́n wà. Òòfà ni ohun tí ń fa irin, orúkọ náà sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbà ni irin pupa tí a fi ṣe wáyà. Wáyà, bátìrì àti kọ́ìlì ti di Yorùbá báyìí. Ṣùgbọ́n ibi tí ọrọ̀ wà gan-an ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò fún àìsàn ẹ̀rọ. Bí ọ̀nà iná bá gé sí méjì níbi kan, wọ́n á ní wáyà ti *já*. Bí wáyà méjì tí kò yẹ kí ó pàdé bá pàdé, wọ́n á ní ó ti *kan ara*. Bí ooru bá ti ba kọ́ìlì jẹ́, ó ti *jó*. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin jíjá àti kíkan ara ni ọmọ ilé-ìwé gíga mìíràn kò tíì lè ṣàlàyé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó ti ń há a sórí ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ iṣẹ́ tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n tinútẹ̀yìn.

A ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984, tí apá kejì rẹ̀ láti ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nítorí gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni a ṣe ṣe é. Kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú mọ́tò oníná. Kò yẹ kí èyí dẹ́rù bani, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì náà ti wà ní ipò yẹn rí. Michael Faraday, ẹni tí ó kọ́kọ́ mú kí iná máa yí nǹkan láìdúró ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1821, kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń di ìwé ni ní ìgbà èwe rẹ̀, kò sì mọ ìṣirò ìjìnlẹ̀. Nígbà tí ìwádìí rẹ̀ lórí iná mú un dé ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀, ó kọ lẹ́tà ní ọdún 1834 sí William Whewell, ọ̀mọ̀wé kan ní Cambridge tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì, pé kí ó bá òun wá orúkọ. Inú lẹ́tà tí àwọn méjèèjì ń kọ síra wọn ni díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò lónìí fún bátìrì ti jáde. Ipò tí Whewell wà yẹn ni ẹ̀ka èdè lè wà sí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, bí àwọn olùkọ́ náà bá lè kan ìlẹ̀kùn, tí àwa náà kò sì ti ilẹ̀kùn pa.

Ohun tí ń mú mọ́tò yí

Ní ọdún 1820 ni Hans Christian Ørsted ṣàkíyèsí ní ìlú Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, pé bí iná bá ń ṣàn nínú wáyà, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà nítòsí yóò yí kúrò ní ipò rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá di òòfà fún ìwọ̀n ìgbà tí iná náà bá fi ń ṣàn. Bí a bá ká wáyà náà ní òrùka-òrùka, tí òrùka kọ̀ọ̀kan jókòó lé èkejì, agbára wọn yóò pa pọ̀. Kọ́ìlì nìyẹn. Kọ́ìlì tí iná wà nínú rẹ̀ ní ojú méjì bí owó ẹyọ: òòfà tí ó wà nísàlẹ̀ yóò máa fa ojú kan mọ́ra, yóò sì máa ti ojú kejì sẹ́yìn.

Nítorí náà, bí a bá gbé kọ́ìlì sórí òòfà kí ó lè yí fàlàlà, ojú tí òòfà ń fà yóò yí wá sísàlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá débẹ̀? Yóò dúró síbẹ̀ ni. Ó ti rí ohun tí ó ń wá. Bí a bá fi ipá tì í kọjá, òòfà yóò tún fà á padà. Ìṣòro tí gbogbo ẹni tí ó ti ṣe mọ́tò láyé yìí ní láti yanjú rèé: báwo ni a kò ṣe ní jẹ́ kí ó sinmi?

Ẹni tí ó bá ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí ti mọ ìdáhùn náà. A kì í ti jangirọ́fà nígbà gbogbo. Bí ó bá ń lọ, a ó tì í. Bí ó bá ń bọ̀, a ó kó ọwọ́ wa sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ síwájú láìkó o sẹ́yìn ni yóò dá a dúró. Bákan náà ni mọ́tò kékeré wa: a ó jẹ́ kí iná wọ inú kọ́ìlì fún ìdajì ìyípo, a ó sì gé iná náà fún ìdajì kejì. Nínú ìdajì àkọ́kọ́, òòfà yóò fà á, yóò sì tì í. Nínú ìdajì kejì, kò sí iná, kọ́ìlì kì í ṣe òòfà mọ́, kò sí ohun tí yóò fà á padà. Eré tí ó ti ń sá tẹ́lẹ̀ ni yóò gbé e kọjá, gẹ́gẹ́ bí òkòtó ṣe ń yí lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò lára rẹ̀. Kí òkòtó náà tó rẹ̀, iná yóò tún ti dé.

Gbogbo ọgbọ́n mọ́tò yìí kò ju èyí lọ. Bí a ṣe ń gé iná náà láìfi ọwọ́ gé e ni ó kù, ọ̀dà tí ó wà lára wáyà ni yóò sì bá wa ṣe é.

Ohun èlò àti ṣíṣe rẹ̀

Wáyà bàbà tí àwọn tí ń wé kọ́ìlì ń lò ni a nílò, èyí tí a fi ọ̀dà tín-ín-rín bò kí àwọn òrùka rẹ̀ má baà kan ara. Kí ó nípọn tó ìdajì mìlímítà. Nọ́ḿbà 25 ni àwọn oníṣẹ́ yóò pè é. Ti inú fáànù tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò lè gbé ara rẹ̀ dúró. Mítà méjì ti tó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó bá kí ọ̀gá oníkọ́ìlì dáadáa tí ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ lò ó fún lè rí àjákù gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: kí ó má ṣe gba wáyà tí a tú kúrò lára kọ́ìlì tí ó ti jó. Ooru ti ba ọ̀dà ara irú rẹ̀ jẹ́, òrùka rẹ̀ yóò sì máa kan ara lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Òòfà inú sípíkà rédíò àtijọ́ dára púpọ̀, a sì lè bẹ ẹni tí ń tún rédíò ṣe kí ó bá wa yọ ọ́. Bí ó bá ṣubú ó lè fọ́ bí àwo, ṣùgbọ́n àfọ́kù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Òòfà tí ó wà ní etí ilẹ̀kùn fìríìjì kò ní agbára tó. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 1.5, ni a ó lò. Píìnì ńlá méjì, irú èyí tí àwọn ìyá fi ń de ìlédìí ọmọ, ni yóò gbé kọ́ìlì dúró. A ó tún wá pákó pẹlẹbẹ, ìṣó kékeré, páálí, wáyà lásán méjì láti so bátìrì mọ́ píìnì, rọ́bà ìdiwó tí yóò di wáyà mọ́ bátìrì, àti bíléèdì tàbí sáńpépà.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níhìn-ín kí a tó lọ síwájú: bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so nǹkan yìí mọ́ iná ara ògiri láé. Fólítì 230 ni ó wà níbẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀. Bátìrì ọkọ̀ kì í gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n agbára ìṣàn iná inú rẹ̀ pọ̀ débi pé wáyà yìí yóò pọ́n bí ẹyin iná kí a tó ṣẹ́jú.

Ká wáyà náà mọ́ ara bátìrì ńlá náà ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o fi bíi ìka mẹ́ta sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Yọ ọ́ jáde, kí o sì fi ìrù kọ̀ọ̀kan wé ara kọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì kí òrùka má baà tú. Kí ìrù méjèèjì dojú kọ ara wọn gbọnrangandan, kí wọ́n sì gba àárín kọ́ìlì kọjá bí igi tí a fi gún agbòòrùn. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá àgbà tí ń ran òwú yóò mọ ìdí rẹ̀: ìrànwú tí igi rẹ̀ kò bá gba àárín, gìrìgìrì ni yóò máa ṣe.

Wàyí o, fífá ọ̀dà. Gbé kọ́ìlì náà lóòró sí etí tábìlì, kí ó dúró bí òjé tí a fi etí rẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ìrù kan sì dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Ha ọ̀dà ìrù yìí kúrò yípo-yípo títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa dán. Yí i sí ìrù kejì. Kọ́ìlì ṣì gbọ́dọ̀ wà lóòró. Ha kìkì ojú tí ó kọjú sókè, kí o sì fi èyí tí ó kọjú sí tábìlì sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀. Ojú tí a ha yìí ni ilẹ̀kùn iná: bí ó bá kan píìnì, iná wọlé, bí ọ̀dà bá kan píìnì, ilẹ̀kùn ti.

Kan píìnì méjèèjì mọ́ pákó lóòró pẹ̀lú ihò wọn lókè, kí wọ́n jìnnà síra tó kọ́ìlì. Ti ìrù bọ ihò méjèèjì. Gbé òòfà sábẹ́ kọ́ìlì, kí o sì fi páálí gbé e sókè títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kan kọ́ìlì. Bí òòfà náà bá jẹ́ òrùka, kí kọ́ìlì wà lórí ara òrùka náà. Kí ó má ṣe wà lókè ihò rẹ̀, nítorí pé agbára òòfà inú ihò a máa dojú kọ ọ̀nà òdìkejì. So bátìrì, kí o sì fi ìka ta kọ́ìlì fẹ́rẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, yóò gbéra.

Bí kò bá yí

Nígbà púpọ̀, kì í gbéra ní ìgbà àkọ́kọ́. Ibí ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, yóò tún ká kọ́ìlì mìíràn, àléébù kan náà yóò sì bá a lọ síbẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni a ó bi mọ́tò náà, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: Ṣé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ṣé ara rẹ yá láti yí? Ṣé àsìkò tí ó yẹ ni iná ń dé?

Fún ìbéèrè àkọ́kọ́, yọ kọ́ìlì kúrò, kí o sì fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan kan píìnì méjèèjì. Bí gílóòbù kò bá tàn, ọ̀nà ti já láàrin bátìrì àti píìnì: bóyá rọ́bà kò di wáyà mọ́ra, bóyá ìpẹtà wà, bóyá bátìrì ti kú. Bí gílóòbù bá tàn, dá kọ́ìlì padà, kí o rọra fi ọwọ́ yí i ní ìyípo kan. Níbi kan nínú ìyípo náà, ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n lára pé ó ta gìrì. Bí kò bá ta gìrì rárá, iná dé píìnì ṣùgbọ́n kò wọ inú kọ́ìlì. Ọ̀dà ni ó fà á. Ọ̀dà yìí a máa tan ojú jẹ, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ àwọ̀ bàbà. Ohun tí a rò pé a ti ha lè má tíì kúrò. Bàbà tí a ha dáadáa máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń kọ mànà bí oòrùn bá kàn án.

Fún ìbéèrè kejì, já bátìrì kúrò pátápátá. Yí kọ́ìlì, kí o jẹ́ kí ó dúró fúnra rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ó ń wá sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ̀gbẹ́ yẹn wúwo jù: ìrù kò gba àárín. A kì í tún un ká. A kàn ń tẹ ìrù náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa dúró níbi tí ó bá wù ú. Bí ó bá ń há, wò ó bóyá ìrù wọ́, tàbí bóyá ihò píìnì kan ga ju èkejì lọ.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù, òun ni ó sì dára jù láti fi kọ́ni. Iná dé, ara kọ́ìlì yá, ó ta gìrì, ṣùgbọ́n ó kàn ń mì lọ mì bọ̀, ó sì dúró pẹ̀lú ojú kan tí ó dọ̀bálẹ̀ fún òòfà. Àmì yìí sọ fún wa pé òòfà rí i fà, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí ń ti jangirọ́fà kò kó ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun méjì ni ó lè fà á, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn bí a bá ń wo ìyípo rẹ̀ nìkan.

Èkíní ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ti ha ìrù méjèèjì yípo-yípo. Ilẹ̀kùn kò tì rárá. Ọ̀dà èékánná tí àwọn obìnrin ń lò ni oògùn rẹ̀: a ó fi kun ìdajì ìrù kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó parí. Èkejì fara sin ju èyí lọ. Ìdajì ni akẹ́kọ̀ọ́ ha lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ìlì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ sórí tábìlì nígbà tí ó ń ha á. Ìlẹ̀kùn ń ṣí, ó sì ń tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní àsìkò. Ó ṣí nígbà tí kọ́ìlì ń sún mọ́ ibi ìsinmi rẹ̀, ó sì ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn tí ó kọjá ibẹ̀, nítorí náà agbára tí ó tì í wá náà ni ó fà á padà. Ìdajì tí a fún un jẹ́ ìdajì ìrànlọ́wọ́ àti ìdajì ìdènà. Láti mọ èyí tí ó jẹ́, yọ kọ́ìlì, gbé e lóòró, kí o sì wo ibi tí bàbà ti ń dán: ó yẹ kí ó kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀ràn èkejì nìyẹn. Kò sí ìdí láti tún un ká. Di kọ́ìlì mú, kí o sì lọ́ ìrù náà ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan. A ti rí ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni tí ó sọ pé "ha ìdajì" tí kò sì sọ bí kọ́ìlì yóò ṣe wà nígbà tí a bá ń ha á. Ẹni tí ó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè mọ mọ́tò dáadáa. Kò kàn ronú nípa ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe é ni.

Mọ́tò tí ó ti yí dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó wá ń rẹ̀ kò ní àléébù àtilẹ̀wá. Wo ojú tí a ha: yóò ti dúdú. Ìtapàrà iná kékeré ni ó ń wáyé nígbàkúùgbà tí ilẹ̀kùn bá ń ṣí tí ó sì ń tì, ó sì ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Sáńpépà yóò yanjú rẹ̀. Bílẹ́ńdà ilé-ìdáná àti sítátà ọkọ̀ ní irú ìlẹ̀kùn kan náà nínú, àyàfi pé ti wọn jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ awẹ́ bàbà tí bírọ́ọ̀ṣì oníèédú ń fara nù. Bí bírọ́ọ̀ṣì náà bá jẹ tán, bílẹ́ńdà yóò dákẹ́ bí ẹni pé ó ti jó, bẹ́ẹ̀ kò jó. Fáànù òkè ilé kò ní bírọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀. Iná ara ògiri tí ó gbà ń yí ojú padà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà yí sì yàtọ̀. Kí olùkọ́ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí ó ṣe yìí ni ó wà nínú fáànù.

Bí bátìrì bá ń gbóná, kọ́ìlì ti dúró sójú kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Mítà kan àti ààbọ̀ wáyà yìí kò dí iná lọ́wọ́ ju nǹkan kékeré lọ, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún òómù. Iná yóò máa ya lọ bí omi tí a ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, bátìrì yóò sì kú láàrin àkókò díẹ̀. Mọ́tò tí ń yí a máa jẹ iná níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Èyí tí ó dúró ni ó ń jẹ àjẹjù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí pọ́ǹpù tí ó há fi máa ń jó.

Nínú kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀kọ́ yìí nígbà ìkọ́ni-dánwò, kí ó pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, kí ó sì fi dandan lé e pé kí wọ́n ya "mo rí" sọ́tọ̀ kúrò lára "mo rò". "Mo rò pé bátìrì ti kú" kì í ṣe ìròyìn. "Mo rí i pé gílóòbù kò tàn" ni ìròyìn. Ọmọ tí ó bá ń sọ pé "kò ṣiṣẹ́" nìkan, kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: Kò ṣiṣẹ́ báwo? Ṣé ó ń mì? Ṣé ó ta gìrì? Ṣé ó há? Èdè wa kún fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí ń ṣàpèjúwe ìrìn, àwọn ọmọ sì mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ilé-ìwé.

Fún ẹgbẹ́ tí mọ́tò tiwọn bá ń yí, iṣẹ́ kan kù: kí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dojú òòfà dé, kí wọ́n tó dán an wò. Yóò yí sí apá kejì. Kí wọ́n tún sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dojú òòfà dé tí a sì tún yí bátìrì padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀, kí olùkọ́ má sì ṣe tètè là á.

Kí ìwé kan wà lórí tábìlì fún àkọsílẹ̀ àìsàn àwọn mọ́tò, ní Yorùbá, ní ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí a rí, ohun tí a dán wò, ohun tí ó jẹ́, ohun tí a ṣe. Àpẹẹrẹ: "Kọ́ìlì ń mì lọ mì bọ̀, kò yí. Gílóòbù tàn. Bátìrì kúrò, ara rẹ̀ yá, kò wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé e lóòró, bàbà kọjú sí ẹ̀gbẹ́. A lọ́ ìrù ní ìdá mẹ́rin. Ó yí."